Ọpọ́n Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Gbé Sókè

Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú ìyẹ̀fun títí dé ìgúnpá nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọṣẹ́. Kò dún, kò sì já. Ó kàn kọ̀ ni, bí ọmọ tó jókòó sáàárín ọ̀nà tó ní òun kò rìn mọ́. Ó gbìyànjú láti nàró, ẹ̀yìn ní rárá. Ó ní kí òun tún tẹ̀ díẹ̀ sí i, bóyá òun á rí ọ̀nà mìíràn gbà dìde, ẹ̀yìn ní ìyẹn gan-an ni kò ṣeé gbọ́ sétí. Báyìí ni ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Òpó nítorí gíga rẹ̀ ṣe tẹ̀ kọdọrọ sórí ọpọ́n búrẹ́dì ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ohun tó ń pò.

"Ìyàwó mi," ó pè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́ nínú yàrá ẹ̀yìn.

Ìyàwó rẹ̀ wà ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń to búrẹ́dì tó kọ́kọ́ jáde sórí pẹpẹ. Ó dáhùn pé òun ń bọ̀.

"Má wulẹ̀ ní ò ń bọ̀. Wá."

Obìnrin náà wọlé, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀. Kò béèrè ohun tó ṣe é. Ó ki èjìká bọ abẹ́ apá rẹ̀, ó sì rọra yí i kúrò nídìí ọpọ́n bí ẹni ń yí ìkòkò omi tó kún dẹ́nu. Wọ́n wọ́ ẹsẹ̀ títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n to àpò ìyẹ̀fun sí, Òpó sì rọra fi ìdí lé àpò kan.

"Ṣé mo lè rẹ́rìn-ín, Bàbá àwọn ọmọ?"

"Má rẹ́rìn-ín."

"Kò burú. Màá tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ mìíràn." Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò jọ ojú ẹni tí ẹ̀rín ń pa.

Ọ̀rọ̀ ọpọ́n yìí ti di ọ̀rọ̀ àgbà nínú ilé náà. Igi kíki ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó gùn tó ènìyàn tó nà gbalaja, orí àpótí pẹlẹbẹ méjì ló sì jókòó lé. Etí rẹ̀ kò ju ìdajì itan Òpó lọ. Ìyá rẹ̀ ló fi ọpọ́n náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì, òun ló sì kọ́ ọmọ níṣẹ́ nídìí rẹ̀. Nígbà tí ìyá fẹ̀yìn tì ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, ó fi ààrò, àwọn oníbàárà àti ọpọ́n sílẹ̀ fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Òpó ti tún ààrò mọ. Ó ti yí òrùlé padà, ó ti fọ́ ògiri kan, ó ti kó àwọn agbọ̀n àtijọ́ dà nù. Ọpọ́n nìkan ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹni tó bá ní kí wọ́n gbé e sókè bí ìka kan, lójú Òpó, ó dà bí ẹni tó ní kí wọ́n kó ẹrù Màmá síta. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn, ó máa ń sọ. Ó tún gbà gbọ́, kò sì sẹ́ni tó lè bá a jiyàn, pé gíga ọpọ́n yẹn ló mú kí búrẹ́dì wọn rọ̀, pé àwọn tó ń po ìyẹ̀fun lórí tábìlì gíga, òwú ni wọ́n ń tà fún ènìyàn.

Ìyàwó rẹ̀ dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ní ọdún méjìlá sẹ́yìn. Ọkọ jáde lọ ra ìyẹ̀fun, ìyàwó wá búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, ó kì wọ́n bọ abẹ́ àwọn àpótí. Òpó dé, ó rí i, ó yọ búlọ́ọ̀kù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé wọn padà síbi tí wọ́n ti wá. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ nínú ilé. Láti ìgbà náà, obìnrin yẹn fi ọ̀rọ̀ ọpọ́n sílẹ̀, ó ra ìpara. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló máa ń fi ra ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn, kí wọ́n tó kúrò nílé, a máa sọ pé bàbá àwọn kò rùn bí oníbúrẹ́dì, ó ń rùn bí ọsibítù.

"Lónìí, ọsibítù ni," ìyàwó wí.

"Ta ni yóò po ìyẹ̀fun tó wà nílẹ̀ yìí?"

"Èmi."

"Ìwọ?"

"Ṣé ìyẹ̀fun máa ń béèrè orúkọ ẹni tó ń pò ó ni?" Ó ti ń ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. "Màá ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì. Á gbé yín lọ."

Mẹkáníìkì ni aládùúgbò wọn, ọ̀rẹ́ Òpó láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti ní irun lórí. Ó gbé ọkọ̀ oníbàárà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe wá, ó ní ẹ̀yìn Òpó ni òun máa fi dán an wò bóyá ó dára. Ó dán an wò lóòótọ́. Gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà ni Òpó kí pẹ̀lú ariwo.

Obìnrin tó ń tọ́jú oríkèé àti iṣan ní ọsibítù kò ga ju ìgúnpá Òpó lọ. Ó ní kó dùbúlẹ̀, ó fi ìka tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ níbí, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sókè, ó gbé èkejì. Lẹ́yìn wákàtí kan, iṣan tó ká jọ náà tú díẹ̀, Òpó sì lè dúró. Ó rò pé ó ti parí. Ó ń wá bàtà rẹ̀.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, Bàbá?"

"Mo ń ṣe búrẹ́dì."

Obìnrin náà mú ìrọ̀rí kan, ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ bá mi po búrẹ́dì kí n rí i."

Òpó wo ilẹ̀kùn bóyá ẹnikẹ́ni ń yọjú. Ọkùnrin tó bí ọmọ mẹ́ta, kó máa po ìrọ̀rí! Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, ó ń dúró. Ó gbọ́wọ́ lé e.

"Bẹ́ẹ̀dì yìí ga jù," ó wí.

"Ẹ sọ ibi tí ọpọ́n yín mọ." Ó fi ẹsẹ̀ tẹ irin kan nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ó ń lọ, ó ń lọ. Nígbà tí Òpó ní ó tó, obìnrin náà kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọdún mélòó?"

"Méjìlélógún. Tí ẹ bá ka ìgbà tí mo ń ran ìyá mi lọ́wọ́ mọ́ ọn, ó ti di ogójì ó lé."

Obìnrin náà ní kó máa po ìrọ̀rí náà lọ, kó má dúró, òun fúnra rẹ̀ sì ń fẹsẹ̀ tẹ irin, ó ń gbé bẹ́ẹ̀dì sókè díẹ̀díẹ̀. Òpó ń pò. Bẹ́ẹ̀dì dé itan, ó kọjá itan. Nígbà tó ku díẹ̀ kó dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí kò kọ́kọ́ mọ orúkọ rẹ̀. Ó ń wò yíká bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló dákẹ́. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀yìn náà ti ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tó fi rò pé bí iṣẹ́ ṣe ń rí nìyẹn.

"Ẹ dúró níbẹ̀," obìnrin náà wí. Ó fa báńdéèjì yọ, ó wọn láti ilẹ̀ dé orí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ta á ní kókó. "Ibi kókó yìí ni iṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ wá bá yín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ óò máa lọ bá a nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé àpò ìyẹ̀fun, ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi gbé e, ẹ ká orúnkún, ẹ fi àpò mọ́ àyà. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọjú sí ààrò, ẹ yí ẹsẹ̀ yín, ẹ má lọ́ ìbàdí bí ẹni ń fún aṣọ."

"Oògùn ńkọ́?"

"Màá fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń loògùn tó ń padà sídìí ọpọ́n yẹn, inú agbọ̀n ló ń pọn omi sí." Ó wá jókòó kí ojú wọn lè bá ara mu. "Bàbá, mi ò dẹ́rù bà yín o. Bí ẹ bá tún ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan sí i, ẹ ò ní lè po ìyẹ̀fun mọ́. Kì í ṣe pé á máa dùn yín. Ẹ ò ní lè ṣe é."

Òpó wo ọwọ́ rẹ̀. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn láyé, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

"Ti ìyá mi ni ọpọ́n náà," ó wí níkẹyìn.

"Ṣé wọ́n ṣì wà láyé?"

"Wọ́n wà."

"Ṣé ẹ ti bi wọ́n?"

Ó ká báńdéèjì náà, ó sì tì í bọ àpò ṣòkòtò.

Nínú ọkọ̀, mẹkáníìkì béèrè ohun tí wọ́n sọ. Òpó sọ fún un. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òun náà, láti ìgbà tí òun ti ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, ọrùn òun kò yí sápá òsì mọ́, ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. "Tó bá jẹ́ kí wọ́n gbé ọpọ́n sókè nìkan ni, mo ní jáàkì."

"Kò rí bẹ́ẹ̀."

"Jáàkì tó ń gbé lọ́rì."

"Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀!"

Mẹkáníìkì wa ọkọ̀ wọ kòtò tó tẹ̀ lé e tìfẹ́tìfẹ́. Òpó ń wo ìta. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ní funfun, ẹ̀rù sì ń bà á bí ọmọ tó fọ́ àwo. Ó ń rò ó pé bí ìyá òun bá jáde lọ́la, bó ṣe máa ń jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ láti wá gbóòórùn ìyẹ̀fun, tó wá rí i pé wọ́n ti da ohun tí òun tò rú, kí ni yóò rò? Yóò rò pé àwọn ti ń pín ẹrù òun nígbà tí òun ṣì wà láàyè. Rárá o. Ẹ̀yìn lè máa dunni, ẹ̀yìn ẹni ni.

Bóyá ìpinnu rẹ̀ ìbá dúró bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ohun tó bá nílé. Ìyàwó rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó ń po ìyẹ̀fun. Kò gbọ́ ìgbà tó wọlé. Obìnrin kúkúrú ni, síbẹ̀ ọpọ́n náà lọ sílẹ̀ jù fún un, ó tẹ̀ sórí rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó dáwọ́ dúró, ó gbé ọwọ́ kan sẹ́yìn, ó tẹ ìbàdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó mú ọwọ́ kúrò, àtẹ́lẹwọ́ funfun kan ti wà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀, ìka márààrún yọ kedere. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn wà níbẹ̀. Òmíràn tún wà lábẹ́ méjèèjì.

Òpó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ti ara rẹ̀, ó lè fara dà á títí ayé. Èyí, kò lè fara dà á fún ìṣẹ́jú kan. Ó yí padà, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn.

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga rẹ̀ nítòsí fèrèsé, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tẹ̀ débi pé tó bá ń rìn, ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kí kó tó kí ènìyàn.

"Ẹ kú ìjókòó, Màmá."

"Ọkọ mi. Ẹ̀yìn yẹn náà ni?"

"Ẹ mọ̀?"

"Mo gbọ́ bó o ṣe ń yọ́ ìyàwó rẹ pè láàárọ̀. Ojú mi ló darúgbó, etí mi kò bá a lọ."

Òpó fa báńdéèjì yọ, ó ń lọ́ ọ mọ́ ìka. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó sọ ti ọ̀nà tó bàjẹ́, ó sọ ti ìrọ̀rí, ó sọ pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òun rí àṣẹ àgbà fín, pé kì í ṣe ìyàwó òun ló kì òun láyà. Ìyá ń wò ó títí ó fi dé ibi tó ń lọ.

"Wọ́n ní kí n gbé ọpọ́n yín sókè. Mo ní kí n kọ́kọ́ wá tọrọ àyè."

"Ọpọ́n wo?"

"Ọpọ́n yín, Màmá. Ibi tí ẹ gbé e sí."

Ìyá fi abẹ́rẹ́ gún ẹ̀wù, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé ìwọ rò pé èmi fẹ́ràn ibẹ̀ ni? Kò sí àárọ̀ tí mi ò bú ọpọ́n yẹn. Orí tábìlì ló wà nígbà tí mo rà á, ó ga dé ibí yìí." Ó fi ọwọ́ kan ìdodo rẹ̀. "Ìwọ lo kò jẹ́ kí n rímú mí. O ò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́fà, o ní àfi kí o po ìyẹ̀fun. O ń nawọ́, kò tó o. O gun àga lọ́jọ́ kan, o já lulẹ̀, o la àgbọ̀n. Fọwọ́ kàn án wò, àpá rẹ̀ wà lábẹ́ irùngbọ̀n yẹn."

Òpó fọwọ́ kàn án. Ó mọ àpá náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí ibi tó ti rí i.

"Ni mo bá ní kí wọ́n gbé ọpọ́n sọ̀ kalẹ̀ kó lè tó ọ. Mo ní bó o bá dàgbà díẹ̀, màá gbé e padà."

"Kí ló dé tí ẹ ò gbé e padà?"

"Mo fẹ́ gbé e! O ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, o ti ga jù mí lọ. Mo ní, ọkọ mi, wá jẹ́ ká gbé ọpọ́n yìí sókè. O ya ojú, o ní, ọpọ́n Màmá mi? O ní bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Inú rẹ bàjẹ́, o fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo rò pé o fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kò burú, n óò máa tẹ̀."

Òpó wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó wò ó dáadáa, bó ṣe ká láti ọrùn títí dé ìbàdí. Ó ń ka àwọn ọdún tó wà nínú rẹ̀, àwọn ọdún tí òun ti ga tán, tí ọpọ́n kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe nísàlẹ̀ mọ́.

"Màmá," ó wí. "Èmi rò pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn rẹ̀."

Èjìká ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Òpó rò pé ẹkún ni, ó ń wá ohun tó máa sọ, kó tó gbọ́ ẹ̀rín náà. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ẹ̀wù tó ń rán nu ojú, bọ́tìnnì gbá a nímú, ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. "Àwa méjèèjì," ó ń wí. "Àwa méjèèjì, o ò rí i!" Òpó náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń bú u ní gbogbo ìgbà tó bá rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ lásìkò náà débi pé ó dùn ún ju ẹ̀yìn lọ. Ó di ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún iṣan mú, kò fi í sílẹ̀ kíákíá.

Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, jáàkì tó ń gbé lọ́rì ti wà lábẹ́ ọpọ́n. Mẹkáníìkì ń fa irin, ìyàwó ń ti gẹdú igi sábẹ́, wọ́n sì gbé àga Màmá wá sí ẹnu ọ̀nà kó lè máa pàṣẹ. Ó pàṣẹ dáadáa. "Ẹ gbé e sí i! Ẹ má ṣahun! Ṣé owó lẹ fi ń ra gíga ni?" Ìyàwó fi báńdéèjì wọn ọpọ́n náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta títí kókó fi bá etí rẹ̀ mu rẹ́gí. Kò mẹ́nu ba búlọ́ọ̀kù mẹ́rin. Ẹlòmíràn ìbá ti fi kọrin. Òpó fúnra rẹ̀ kan pákó kan mọ́ àpótí méjì tí ọpọ́n ti ń jókòó lé tẹ́lẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, ó ní ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ yóò máa dúró lé, bó bá ṣẹlẹ̀ pé òun kò sí nílé. Obìnrin náà gun orí rẹ̀, ó fọwọ́ kan ọpọ́n, ó ní ó tó òun.

Lọ́sàn-án, Òpó da ìyẹ̀fun tuntun sílẹ̀, ìdajì bó ṣe máa ń ṣe é, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó. Ó ṣàjèjì. Apá rẹ̀ nà, ìwúwo ara rẹ̀ gbogbo ló ń bá a tẹ̀ ẹ́, kò ní láti fi agbára wá a. Ìyẹ̀fun náà rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀. Ó fi ìka méjì tọ́ ọ wò léraléra, ó ń wá àbùkù sí i lára, kò rí. Ohun tó dà á láàmú ni orí rẹ̀. Kò mọ ohun tó máa fi ojú ṣe. Láti ọdún pípẹ́ wá, inú ọpọ́n ni ojú rẹ̀ máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́, kò mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Ògiri ló wà níwájú rẹ̀. Ojú ihò kan wà lára ògiri náà, èyí tí wọ́n ń gbà ti àwo búrẹ́dì kọjá sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì rí ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀. Ó ń di búrẹ́dì fún oníbàárà kan. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró, ó kàn gbé orí sókè, ó wo ọkọ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀, níbi tí ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀ máa ń wà, ó wo èjìká rẹ̀, ó wá wo ojú rẹ̀, ó bá ojú náà tó ń wo òun. Ó ta gìrì. Ó gbé ojú kúrò kíá, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́dìí ìkòkò ọbẹ̀.

Òpó rò pé ó ṣèèṣì ni. Ó ń pò lọ. Oníbàárà mìíràn dé, ìyàwó kí i, ó bi í léèrè ọmọ, ó nawọ́ mú búrẹ́dì, ó sì tún gbé orí sókè. Bó ṣe tún ṣe é nìyẹn. Kí ìyẹ̀fun tó pò tán, ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, láìdá ọ̀rọ̀ dúró, láìdá ọwọ́ dúró, bí ẹni ń ṣẹ́jú. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ lónìí.

"Kí lò ń wò?" Òpó pè é láti ojú ihò.

"Mo ń wò ó bóyá ẹ ṣì wà lórí ìdúró."

"Láti ìgbà wo?"

Ìyàwó rẹ̀ di búrẹ́dì náà tán, ó gbé e lé oníbàárà lọ́wọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúró títí ilẹ̀kùn fi pa dé.

"Láti ìgbà wo lẹ rò?"

Òpó kó ọwọ́ padà sínú ìyẹ̀fun, ó ń pò ó, kò sì wo ọwọ́ náà mọ́, ìyàwó rẹ̀ ló ń wò.